Aláǹtakùn Tó Dojú Kọlẹ̀

Òórùn kákí tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù eléèédú ni ó kọ́kọ́ ń pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ yẹn, kí ojú tó rí télọ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá gba ọ̀nà ọjà wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlá nígbà náà, o kò lè ṣàì gbọ́ ọ. Ó jọ òórùn ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, èéfín díẹ̀ wá dà mọ́ ọn, òróró ẹ̀rọ ìránṣọ náà sì ń yọjú láàárín wọn. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn ni, òrùlé páànù, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà lábẹ́ fèrèsé tí ìdí wa ti mú kó máa dán bí ohun tí a fi òrí pa. Ọdún tó tẹ̀lé ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìwọ náà á rántí bí ìlú ṣe rí: kíláàsì kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn òbí sì ń kó kákí wá fún télọ̀ lójoojúmọ́ láti rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ.

Àwa mẹ́ta ni a máa ń pàdé níbẹ̀ ní ọ̀sán Àbámẹ́ta. Télọ̀ ni àgbà wa. Ẹnì kejì ni akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń lo awò ojú tó nípọn, tó sì mọ ọ̀rọ̀ í tò bíi lọ́yà. Èmi ni àbúrò wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí ìwé kíkà ṣì ń pa bí ọtí. Ogun àwọn òyìnbó tó kọjá ló kó wa jọ, pàápàá èyí tí wọ́n jà ní Bọ́má. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó lọ. A-bí-dí ni mo ń kọ́ nígbà tí ogun náà bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ti ní ìyàwó àti ọmọ ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń wà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ. Akọ̀wé fẹ́ lọ, ó tilẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń gba ènìyàn ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n wọ́n dá a padà nítorí ojú rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ nípa ìdápadà yẹn. Télọ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Bóyá nítorí pé a kò lọ ni ogun náà fi dùn lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ní ìwé ńlá aláwọ̀ mèremère kan tí wọ́n yọ láti inú ìwé ìròyìn òyìnbó, tí ìbátan rẹ̀ kan fi ránṣẹ́ sí i láti Èkó. Wọ́n ya àmì apá àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Télọ̀ fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri lókè ẹ̀rọ rẹ̀, a sì mọ̀ ọ́n lórí bí ẹni mọ orin ìjọ. A mọ àwọn tó ń lo ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká kọjá. A mọ àwọn tó ń lo aláǹtakùn dúdú nínú òbìrí tó pọ́n bí ìyeyè. A lè fi ọ̀sán kan gbáko jiyàn lórí bọ́tìnnì, bóyá idẹ ni tàbí ìwo. Lórí ìlà oyè kọ́pùrà, bóyá apá méjèèjì ni wọ́n ń rán an mọ́. Lórí àkẹtẹ̀ fífẹ̀ wọn, etí wo nínú rẹ̀ ni wọ́n ń ká sókè. Télọ̀ á mú ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, á fi ya bí ó ti rí sára ṣòkòtò ọmọ oníṣòkòtò kó lè borí àríyànjiyàn. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀pà lódìkejì ọ̀nà sọ wá ní Sójà Orí Bẹ́ǹṣì. A kò bínú sí i. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ wa nínú.

Nígbà tó ku nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí àwọn ìjọ ṣe ìsìn ìrántí àwọn tó kú lógun, alùfáà wa ránṣẹ́ pè mí. Ó ní ìjọ fẹ́ gbé pátákó kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, tí a ó kọ orúkọ àwọn ọmọ Ìlá àti agbègbè rẹ̀ tó lọ sí Bọ́má sí, àwọn tó bọ̀ ní apá kan, àwọn tí kò bọ̀ ní apá kejì. Wọ́n ti sọ fún un pé kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ ogun náà bíi tèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ó ní kí a ṣàkójọ orúkọ, kí a sì rí i dájú pé kò sí èké nínú wọn, nítorí ilé Ọlọ́run ni wọ́n máa wà. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti dúpẹ́ dáadáa. Bí mo ṣe ń lọ, mo ti ń ro bí n ó ṣe sọ ọ́ fún àwọn tó kù.

Akọ̀wé bá wa wá ìwé orúkọ kan láti ọ́fíìsì ìjọba. Kò pé, àwa fúnra wa mọ̀ pé kò pé. A kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà pé kí ẹni tó bá lọ sí ogun náà, tàbí tó ní ẹni tó lọ, wá rí wa ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n sì wá. A ń fi wọ́n jókòó lórí àpótí, àwa lórí bẹ́ǹṣì. Èmi ń kọ, akọ̀wé ń bi wọ́n léèrè nọ́ńbà wọn, ẹgbẹ́ wọn, ọ̀gá wọn, èbúté tí wọ́n ti wọkọ̀. Ọ̀kan nínú wọn wò wá títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn òyìnbó kò bi òun tó báyìí nígbà tí wọ́n ń dá àwọn sílẹ̀. Òótọ́ ni pé elétàn kan wá, tó mú ìwé ìdásílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání bíi tirẹ̀. Akọ̀wé bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, ó dìde, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń wá èké bí ẹni ń wá iná inú irun ọmọ.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ wá ní Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn. Òkè-Ìlá ni ó ti wá, ẹsẹ̀ ni ó sì fi rìn ín, eruku pupa kùn ún dé orúnkún. O mọ bí ọ̀rọ̀ àwa àti àwọn ará Òkè-Ìlá ṣe rí: ọmọ ìyá ni wá, bí ọmọ ìyá la sì ṣe máa ń fojú kéré ara wa. Àgbẹ̀ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, apá rẹ̀ ọ̀tún kò sì nà tán. Ó di nǹkan kan sínú aṣọ funfun mọ́ abíyá. Nígbà tó tú u, ẹ̀wù sójà ni, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, tí wọ́n lẹ̀ níbi méjì, tó ń rùn káńfọ̀. Aláǹtakùn dúdú inú òbìrí ìyeyè wà lápá rẹ̀. Mo gbé gègé mi sílẹ̀, mo tẹjú mọ́ ọn. Nínú gbogbo àwọn tó ti wá, kò sí ọ̀kan tó mú aláǹtakùn wá.

Ó jókòó sórí àpótí, ó sì rọra sọ ohun tó gbé e wá. Ó ní òun kò wá nítorí orúkọ tòun. Ọmọ Ìlá kan wà tí àwọn jọ lọ, tí àwọn jọ ń fi orí ru ẹrù àti ọta ìbọn fún àwọn tó ń jà. Inú igbó lọ́hùn-ún ni ọmọ náà kú sí, òun sì wà níbẹ̀. Ó júwe ilé ìyá rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìyá àgbà kan ni, tó máa ń hun kíjìpá lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Gbogbo ìlú gbọ́ pé ọmọ náà lọ wọṣẹ́ sójà, kò sí ẹni tó gbúròó rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. Ìyá náà ti mú orúkọ rẹ̀ wá fún wa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. A ní kó ní sùúrù ná, nítorí kò sí ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní láti ìgbà tí òun ti dé ni òun ti ń gbèrò àtiwá. Àìsàn ni ó kọ́kọ́ dá òun dúró fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù, torí ènìyàn kan ṣoṣo kì í dá lọ túfọ̀ ọmọ fún ìyá tí kò mọ̀ ọ́n rí. Nígbà tó gbọ́ ìkéde wa, ó rò ó pé bí tíṣà ìjọ àti àwọn ẹni iyì ìlú bá bá òun lọ, ìyá náà á gba òun gbọ́, àwọn tí yóò dì í mú á sì wà nítòsí. Ohun tó rìn wá tọrọ láti Òkè-Ìlá nìyẹn, pé kí a sin òun lọ.

A tú ìwé orúkọ wò. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, orúkọ ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ní ti ọmọ náà, nítorí orúkọ tó fún àwọn òyìnbó kì í ṣe orúkọ ilé rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé àwọn ará ilé á wá a kàn, wọn á sì dá a padà. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó bèèrè ìwé ìdásílẹ̀ ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà ní ikán ti jẹ ẹ́. Akọ̀wé yíjú wò mí, mo sì mọ ohun tó ń rò, nítorí èmi náà ti ń rò ó.

Nígbà náà ni télọ̀ fa ẹ̀wù náà mọ́ra láti wo bí wọ́n ṣe rán an, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó wo àmì apá náà, ó gbójú sókè wo ìwé tó wà lára ògiri, ó tún padà wo àmì náà. Ó ní, jẹ́jẹ́, pé orí aláǹtakùn yìí wà nísàlẹ̀. A dìde, a sún mọ́ ọn. Lóòótọ́ ni. Lórí ìwé wa, aláǹtakùn ń gòkè lọ. Lára ẹ̀wù ọkùnrin yìí, ó dojú kọlẹ̀ bí èyí tó ń sọ̀ láti àjà. Akọ̀wé bi í pé ta ló rán àmì náà mọ́ ọn. Ó ní òun ni, pé wọ́n fún kálukú ní abẹ́rẹ́ àti òwú, wọ́n sì fi bí àwọn ó ṣe rán an han àwọn.

"Ṣé pé sódì ni wọ́n ní kí ẹ rán an?"

"Báyìí ni tiwa rí," ni ọkùnrin náà wí.

Títí di ìgbà yẹn, "ẹ" ni akọ̀wé fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó ti yẹ fún ẹni tó ju ni lọ. Etí mi gbọ́ ìgbà tó yí i padà.

"Ibo lo ti ra ẹ̀wù yìí?"

Ọkùnrin náà wo télọ̀, ṣùgbọ́n télọ̀ ti tẹrí ba sórí ẹ̀wù náà. Ó wá wò mí, ó pẹ́ tó fi wò mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi sọ fún wọn." Ó gbà pé ẹni tó kàwé tó èmi á mọ̀.

Mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, kò sí sójà tí yóò rán àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ sódì. Ẹ má lọ fi irọ́ dá ìyá arúgbó lóró."

"Ẹ" ni mo fi bá a sọ̀rọ̀ ní tèmi. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni mo hù.

Ó gba ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀. Ó ká a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí itan rẹ̀, ó fi apá tí kò nà tán tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì dì í padà sínú aṣọ funfun. Kò bú wa, kò sì búra. Ó kí télọ̀ pé ó kú iṣẹ́, ó ní ó dàbọ̀. Ó ti bọ́ sí ìta kí akọ̀wé tó nahùn sí i láti ojú fèrèsé pé bí àwọn bá gbọ́ pé ó dé ọ̀dọ̀ ìyá náà, ọlọ́pàá ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹlẹ́pà gbọ́. Àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ gbọ́. Mo rí i láti ẹ̀yìn bó ṣe ń lọ láàárín wọn, tí wọ́n ń yà fún un lójú ọ̀nà. Ká ní ó pariwo mọ́ wa ni, bóyá à bá ṣiyèméjì. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ la fi ṣe ẹ̀rí ìkẹyìn. Télọ̀ nìkan ni kò bá wa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ní ojú abẹ́rẹ́ tí òun rí lára àmì náà ti pẹ́ gan-an, pé òwú rẹ̀ àti aṣọ rẹ̀ jọ ṣá pọ̀ ni. Akọ̀wé ní irọ́ náà lè pẹ́. A sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Ní ọjọ́ ìsìn ìrántí, èmi ni mo ka àwọn orúkọ náà. Pátákó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń rùn. Ìyá oníkíjìpá jókòó ní ìlà kẹta, ó ro aṣọ funfun tó hun fúnra rẹ̀, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sórí ẹsẹ̀. Mo ka orúkọ àwọn tó bọ̀, mo ka ti àwọn tí kò bọ̀, nígbà tí mo sì kà á dé òpin, mo rí i tó tú ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà lẹ́yìn ìsìn. Ó ní òun ṣọ́ra gbọ́ orúkọ àwọn tó kú, òun kò gbọ́ ti ọmọ òun, àbí etí òun ni? Mo ní kì í ṣe etí yín, ìyá, kò sí níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó súre fún mi. Ó ní òun mọ̀, pé ó ń bọ̀. Ìdùnnú ojú rẹ̀ mú kí n rò pé iṣẹ́ rere ni mo ṣe.

Ní ọdún tó tẹ̀lé e ni mo lọ sí Ìbàdàn, sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ti ṣe sójà rí, mo sì tètè mọ̀, nítorí bó ṣe ń dúró. Kò pẹ́ tí mo fi di ẹni tó ń jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọjọ́ kan ó mú àwòrán kan jáde látinú Bíbélì rẹ̀, òun àti bí ogún ènìyàn mìíràn, wọ́n tò ní ìlà mẹ́ta lábẹ́ igi kan tí n kò mọ̀. Àmì aláǹtakùn wà lápá gbogbo wọn. Mo gbé e súnmọ́ ojú. Mo wo apá kìíní, mo wo èkejì, mo wò wọ́n títí mo fi dé ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò sí aláǹtakùn kan tí orí rẹ̀ wà lókè.

Mo bi í ní ìdí rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ó dìde, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sójú bí ìbọn, ó ní kí n wo apá òun. Bó ṣe na apá síwájú, ibi tó ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló wá kọjú síwájú. "Ọ̀dọ̀ ọ̀tá ni ó ń lọ," ni ó wí. "Bí o bá rán orí rẹ̀ sókè, tí o wá gbé ìbọn, ọ̀dọ̀ ara rẹ ni yóò máa sá padà sí." Mo bi í nípa àwọn tó ń ru ẹrù, bóyá àwọn náà lo àmì yìí. Ó wò mí bí ẹni tó bèèrè bóyá ẹsẹ̀ wà lára ènìyàn. Ó ní àwọn náà lò ó, pé orí wọn ni oúnjẹ òun wà fún gbogbo ìgbà tí òun fi wà nínú igbó náà.

N kò rántí bí mo ṣe dágbére fún un. Ohun tí mo rántí ni pé mo padà sí yàrá, mo jókòó sí etí ibùsùn, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi: kò sí sójà tí yóò rán àmì ẹgbẹ́ rẹ̀ sódì. Nínú ṣọ́ọ̀bù náà ní ọjọ́ yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló dé Bọ́má. Òun sì ni a pè ní èké, nítorí àwòrán tó kéré bí èékánná, tí ẹnì kan yà ní ìlú òyìnbó, tí bóyá òun náà kò sì rí apá sójà wa kan rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí. Kò yẹ kí n dúró. Mo lè wọ ọkọ̀ lọ sílé ní Àbámẹ́ta yẹn gan-an. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ya á lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo rò ó pé ọwọ́ akọ̀wé ni yóò gbà kọjá. Lẹ́yìn náà mo ní ìdánwò ti súnmọ́ tòsí. Mo ní ojúkojú ni ó dára kí a sọ ọ̀rọ̀ báyìí. Ìtìjú ni gbogbo rẹ̀, mo kàn ń wọ aṣọ fún un ni. Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó délé fún ìsinmi, wọ́n sì ti sin ìyá oníkíjìpá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní kíjìpá tuntun mẹ́ta ni àwọn bá nínú àpótí rẹ̀, tó ti hun de ọmọ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀kan bò ó lọ.

Mo lọ sọ fún télọ̀. Ó dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó gbọ́ mi tán, ó dìde, ó fa ìwé àwọn àmì náà ya kúrò lára ògiri. Akọ̀wé ní tirẹ̀ sọ pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa ni a fi dájọ́. Òótọ́ ni, ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ wa náà ni. Wọ́n gbé akọ̀wé lọ sí ìlú mìíràn láìpẹ́ sí i, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún mi rí. Nígbà kan mo kórìíra rẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ báyìí, nítorí kì í ṣe òun ni ọkùnrin náà yíjú sí pé kó bá òun sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ tí mo sọ fún télọ̀ ni èmi àti rẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Oko ni a bá ọkùnrin náà, ó ń fi ọwọ́ kan kọ ebè, ó ń fi èkejì ti ọkọ́ lẹ́yìn. A dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ oko náà. Ó yára fa télọ̀ dìde nítorí ẹgbẹ́ ni wọ́n. Èmi, ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, àwòrán tí mo rí, ohun tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sọ. Kò jọ pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ní òun mọ̀ pé a kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ìyá náà, bóyá a ti ń mú òun lọ báyìí.

Ó di dandan kí n sọ ọ́. Ó jókòó sórí ebè, ó fi ọkọ́ lélẹ̀, ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. Kò sunkún. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó ní ká jẹ́ ká lọ. Télọ̀ rọra rán an létí pé ìyá náà ti kú. Ó ní òun gbọ́, pé iṣẹ́ tí wọ́n rán òun kò tíì kú. Ó yà sílé, ó fọ ẹsẹ̀, ó sì wọ ẹ̀wù náà. Àwa mẹ́ta la jọ rìn padà wá sí Ìlá, ó wà láàárín wa. Bí a ṣe ń gba ọ̀nà ọjà kọjá, mo rí i pé àwọn kan dá a mọ̀, ṣùgbọ́n kò wojú ẹnikẹ́ni.

Inú yàrá rẹ̀ ni wọ́n sin ìyá náà sí, bó ti wọ́pọ̀ nígbà náà, ilẹ̀ tí wọ́n tún rẹ́ kò tíì gbẹ dé àárín. Àwọn ará ilé gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn fún wa. Mo ń retí pé ọkùnrin náà á ròyìn ogun náà, ibi tí ọmọ yẹn kú sí àti bó ṣe kú. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àmì apá rẹ̀ kan ilẹ̀ tútù náà, ó sì fi ohùn ẹni tó ń bá ìyá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ sọ ọ́.

"Ìyá, ọmọ yín ló rán mi. Ó ní kí ẹ má bínú pé òun kò dágbére."

Kò sí ohun mìíràn nínú iṣẹ́ náà. Ó ti gbé e láti Bọ́má wọkọ̀ ojú omi, ó ti gbé e nínú àìsàn, ó gbé e rìn wá bá wa nínú eruku, a sì dá a padà pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ẹni tó ni ín jókòó tó ń hunṣọ ní ibi tí kò ju kí ènìyàn nahùn pè é lọ.

Ìjọ fi orúkọ ọkùnrin náà àti ti ọmọ náà kún pátákó náà. Ọ̀dà rẹ̀ kò jọ ti àwọn tó kù, ẹni tó bá wò ó dáadáa á mọ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n dé. Èmi àti ọkùnrin Òkè-Ìlá di ojúlùmọ̀; mo máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà ìjẹṣu, a máa ń sọ̀rọ̀ oko àti ọmọ. N kò bi í léèrè ogun mọ́, kì í ṣe pé kò wù mí.

Mo ṣì fẹ́ràn láti máa kà nípa àwọn ogun náà, n kò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kọ́ mi pé àìmọ̀ kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ wa lọ́jọ́ náà. Ènìyàn lè ṣàìmọ ibi tí orí aláǹtakùn ń kọjú sí, kí ó sì jẹ́ ènìyàn rere. Ohun tí a ṣe ni pé ẹni tó mọ̀ jókòó níwájú wa, a bi í ní gbogbo ìbéèrè tí yóò fi ṣubú, a kò sì bi í ní ẹyọ kan ṣoṣo tí yóò fi là wá lójú. Ká ní mo ti sọ pé, "Bàbá, kí nìdí tó fi rí báyìí?", bóyá ì bá dìde, ì bá na apá rẹ̀ tí kò nà tán yẹn, ì bá sì fi hàn mí. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti gbà á. Ìyá tí mo sọ fún lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé orúkọ ọmọ rẹ̀ kò sí láàárín àwọn òkú, tó súre fún mi nítorí rẹ̀, òun ni n kò ráàyè tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.